Ìbọn Ìléwọ́ Márùn-ún Tó: Bí A Ṣe Ń Yàn Wọ́n, Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Wọ́n Wò, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn

Ẹni tó bá dàgbà sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ìbọn. Ó ti gbọ́ ìró ṣakabùlà níbi ìsìnkú ọdẹ, ó sì ti rí ìbọn ẹlẹ́nu méjì lórí èjìká ẹni tó ń ti oko bọ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ yàtọ̀. Ó kúrú débi pé bí ọrùn ọwọ́ bá yí díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti kọjú sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àṣà kan tí ọdẹ lè mú jẹ nínú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dára níbẹ̀ náà, bíi kí ìka máa sinmi lórí ìfà, tàbí kí a gbé ìbọn lọ́wọ́ nígbà tí a ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, àwọn gan-an ló ń ṣe jàǹbá fún oníbọn ìléwọ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí òfin ibi tó ń gbé gbà láàyè láti ní wọn: ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ eléré ìbọn ní Faransé, ọmọ Kétu tó fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ní ìwé àṣẹ níbí nílé ní Benin. Ìbọn márùn-ún la dárúkọ, a sì rò pé márùn-ún tó. Ẹni tó kó ogún jọ tí kò mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, irin ló kó jọ.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́jú pọ̀: revolver ni èyí tí ọta rẹ̀ ń wọ inú àgbá roboto kan tó ń yí, tó sábà máa ń gba márùn-ún tàbí mẹ́fà. Pistol ni èyí tí ọta rẹ̀ tò sínú ilé ọta pẹlẹbẹ tí a ń tì bọ inú èèkù. Ìdérí irin tó wà lórí pistol ló ń sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ọta bá jáde. Ó ń ju ìkarahun idẹ tó ti ṣófo nù, bó sì ti ń padà síwájú ló ń ti ọta tuntun wọ ẹ̀yìn ọ̀pá. Ìfà ni ibi tí ìka ń fà, ọ̀pá sì ni ibi tí ọta ń gbà kọjá.

Ìwé ṣáájú ìbọn

Kí ìwé kọ́kọ́ wọlé kí ìbọn tó wọlé. Ní Faransé, ìpele B ni ìbọn ìléwọ́ wà. Eléré ìbọn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́, kó sì ní àpótí irin tó ń tì nílé. Àṣẹ tí wọ́n ń fún un, ọdún 5 ló ń lò kó tó tún béèrè. Púpọ̀ nínú àwọn ìbọn tí àpẹẹrẹ wọn ti jáde ṣáájú 1900 wà ní ìpele D, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn ohun àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin 1968, oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀ lórí ìyẹn, nítorí náà ohun tó tọ́ ní Texas lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní New York.

Nílé, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lórí ìbọn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní 14 Òkúdù 2006, ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan fi gbèdéke sí iye ìbọn tí ìwé àṣẹ kan lè gbà, kí wọ́n wo ọjọ́ orí ẹni, ìdí tó fi fẹ́ ẹ àti ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí, kí wọ́n sì jẹ́ kó dúró fún ọjọ́ 21 ó kéré tán kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ fúnra yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín wá ìbọn láìsí ìwé, ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè kò gba eré rárá. Láti Àjàṣẹ́ dé Ìgòlò kò jìnnà, òfin Nàìjíríà sì ka pistol àti revolver mọ́ ìbọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìsí àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ìwé tí ẹ gbà ní Àjàṣẹ́ kò ríṣẹ́ ṣe ní Ìdírókò. Ẹ má gbé ìbọn sọdá, ẹ má gbé ọta sọdá, kódà ẹyọ kan tó ṣèèṣì kù sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ẹ ya báàgì ibi ìdánrawò sọ́tọ̀, kí ẹ má fi rìnrìn àjò láé.

Ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

Ìrísí ìbọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. Ọta ló yẹ kí wọ́n wò, torí ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ra ìbọn, ọta lẹ ó máa rà títí. Ní ọdún méjì, owó ọta lè ju owó ìbọn lọ. Ẹni tó bá ní ìbọn márùn-ún tó ń lo oríṣi ọta márùn-ún tí kò bára mu yóò dé ibi tí méjì nínú wọn yóò máa sùn nínú àpótí nítorí ọta kò sí lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí a fi dúró lórí oríṣi mẹ́rin péré: .22 LR, 9 mm, .38 pẹ̀lú .357 tó ń bọ́ sínú ìbọn kan náà, àti .45 ACP. Nọ́ńbà iwájú wọn ń tọ́ka sí bí orí ọta ṣe fẹ̀ tó, ní íǹṣì tàbí mílímítà; LR àti ACP kàn jẹ́ ara orúkọ wọn.

Ẹ ka ìdí ìkarahun idẹ gbogbo ọta, kí ẹ sì fi wé ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn. "9 mm" nìkan kò tó. Èyí tí Georg Luger ṣe ní Jámánì ní 1902 ni 9×19, ìkarahun rẹ̀ gùn ní mílímítà 19. 9×18 ti Makarov wà, 9×17 tí wọ́n ń pè ní .380 náà wà, ojú lásán kò sì fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọta tó kúrú ju bó ṣe yẹ bá ráyè wọ ẹ̀yìn ọ̀pá, ìkarahun kò ní rí ibi fara tì dáadáa, ó sì lè ya. Bákan náà, àmì +P nídìí ọta túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ ju ti ọta tí kò ní àmì yẹn lọ. Kò yẹ fún ìbọn àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ti ọwọ́ ṣakabùlà bọ̀. Ẹni tó ń ki ẹ̀tù fúnra rẹ̀ a máa fi ojú wọ̀n ọ́n, bí ẹran bá tóbi, á fi díẹ̀ kún un. Ẹ̀tù dúdú fàyè gba irú ìyẹn títí dé ààyè kan. Ẹ̀tù òde òní kò gbà á: ìwọ̀n tó fi díẹ̀ lé lè fọ́ àgbá revolver sọ́wọ́ ẹni. Ẹ ra ọta tí ilé iṣẹ́ ti dì, kí ẹ má sì gba èyí tí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ dì nílé, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó.

Èkíní: pistol .22

Ọta .22 LR ti wà láti 1887. Orí rẹ̀, ìyẹn apá tó ń fò jáde, èyí tó wọ́pọ̀ jù kò ju gírámù 2.6 lọ, kì í ta ọwọ́, ariwo rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti àwọn ìyókù, òun ló sì rọ owó jù. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kọ́ ìfà láìbẹ̀rù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ńlá a máa ṣẹ́jú kí ìbọn tó dún, á sì máa ti ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ láìmọ̀. Àṣà yẹn kì í tètè kúrò lára.

Ruger Mark IV àti Browning Buck Mark ni a máa ń tọ́ka sí. Buck Mark ti wà láti 1985. Mark IV jáde ní 2016, ó sì ní bọ́tìnì kan lẹ́yìn tí a ń tẹ̀ tí ìbọn yóò fi ṣí. Ẹni tó bá ti tú àwọn Ruger tó ṣáájú rẹ̀ rí, tó sì jókòó wákàtí kan tí kò lè tò ó padà, yóò mọ ìdí tí bọ́tìnì yẹn fi tó owó rẹ̀.

Ẹ yìn ín tó ọta 500 kí ẹ tó ra èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 7, 50 lẹ́ẹ̀kan. Tí ihò bá ti lè wọ inú àwo ìjẹun kan láìsí èyí tó ṣáko, ẹ sún sí mítà 15, lẹ́yìn náà 25.

Àìsàn .22 méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó ń tan iná rẹ̀ wà káàkiri etí ìdí ìkarahun, kò wà láàárín. Ibi tí kò bá kárí, ìbọn yóò dún "kẹ́" lásán. Nígbà náà, ẹ má ṣí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi àfojúsùn fún ìṣẹ́jú àáyá 30, torí iná lè pẹ́ kó tó ràn, kí ẹ tó yọ ọta náà. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ orí ọta rẹ̀ jẹ́ òjé tí wọ́n fi ọ̀rá tàbí ìda pa, ó ń dọ̀tí kíákíá. Bí ìkarahun kò bá jáde dáadáa mọ́, ẹ̀yìn ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀. Ẹ má sì máa fa ìfà rẹ̀ lófìfo àfi tí ìwé ìbọn náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ .22, abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta yóò lọ gún etí irin dípò idẹ, yóò sì ba á jẹ́.

Èkejì: pistol 9 mm

Èyí ni ìbọn tí àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ayé ń lò jù. Òun ló yẹ kó gba ọta yín tó pọ̀ jù. Orúkọ méjì ló tó wò.

Glock 17 ti ilẹ̀ Austria, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn gbà ní 1982, gba ọta 17. Ike líle ni ara rẹ̀, ìpata kò sì ní nǹkan púpọ̀ láti bá jà níbẹ̀. Glock 19, tó jáde ní 1988, kúrú díẹ̀, ó gba 15, ó sì bá ọ̀pọ̀ ọwọ́ mu jù. CZ 75, tí wọ́n ṣe ní Czechoslovakia ní 1975, jẹ́ irin láti òkè délẹ̀, nǹkan bíi kílò kan. Ìwúwo yẹn ń gba ìtapadà mọ́ra, ìdérí rẹ̀ sì ń rìn nínú ara ìbọn dípò kó rìn lórí rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìdérí rẹ̀ kéré, tó fi ń ṣòro fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń làágùn láti fà á sẹ́yìn. Ní Àjàṣẹ́ tí ooru ọ̀sà ń mú, a ò lè ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ má fi orúkọ ra èyí. Ọwọ́ ni kí ẹ fi rà á. Ẹ di èèkù mú kí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ga dé òkè pátápátá. Orí ìka ni kó bọ́ sórí ìfà, kó má jẹ́ oríkèé rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àtàǹpàkò lè tẹ bọ́tìnì tó ń já ilé ọta sílẹ̀ láìyí ìbọn lọ́wọ́ jù. Bí ọwọ́ bá ní láti wá nǹkan kiri, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ gbé òmíràn wò.

Glock kì í tú àfi tí a bá kọ́kọ́ fa ìfà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gba ọta lẹ́sẹ̀ tàbí láàtẹ́lẹwọ́ níbi tó ti ń fọ ìbọn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti bá a: ó ṣe bí ẹni pé ó ti ṣófo. Bí a ṣe ń tú ọta kúrò wà nísàlẹ̀, ẹ má fò ó.

Bí pistol tuntun bá ń há, tí ìkarahun ń dúró lóòró lẹ́nu ìdérí, ẹ wo ọwọ́ yín kí ẹ tó bú ìbọn. Bí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀, gbogbo ìbọn ni yóò sún sẹ́yìn pọ̀ mọ́ ìdérí, ìdérí kò sì ní rí ibi tó dúró gbọin-gbọin láti fi parí ìrìn rẹ̀. Ẹ fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n yìn. Tí kò bá há lọ́wọ́ tirẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fura sí ilé ọta. Ẹ kọ nọ́ńbà sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3, kí ẹ lè mọ̀ bó bá jẹ́ pé kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn. Ọta 200 láìsí ìdíwọ́ ni a ń kà sí ẹ̀rí pé pistol yìí dára.

Ẹ̀kẹta: revolver .357

Bó bá jẹ́ pé ìbọn méjì péré ni òfin gbà yín láàyè, a ó ní kí ẹ mú .22 àti èyí. Ọta .38 Special ti wà láti 1898. Nígbà tí wọ́n ṣe .357 Magnum ní 1935, wọ́n fi nǹkan bíi mílímítà 3 kún ìkarahun rẹ̀ kó má bàa ráyè wọ ìbọn .38. Nítorí náà ìbọn .357 ń yin méjèèjì: .38 fún ìdánrawò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, .357 fún ẹni tó fẹ́ agbára. Ìbọn .38 kì í yin .357 láé.

Ẹ yan ọ̀pá tó tó mílímítà 100. Ruger GP100, tó ti wà láti 1985, àti Smith & Wesson 686 lágbára tó láti gba .357 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ṣọ́ra fún revolver kékeré oní-ọta márùn-ún tí àwọn olùtajà fẹ́ràn láti fi han ẹni tuntun. Ó wọ àpò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfà rẹ̀ wúwo, àlàfo láàárín ojú ìwò iwájú àti tẹ̀yìn kò ju ìwọ̀n ìka lọ, ó sì ń ta ọwọ́. Ìbọn ẹni tó ti mọ̀ ọ́n yìn ni.

Àwọn ohun méjì tó ń dà á láàmú. Ìkarahun .38 kúrú, ó ń fi èérí dúdú sílẹ̀ bí òrùka nínú ihò àgbá níbi tí ẹnu rẹ̀ dé. Bí ẹ bá wá ki .357 lẹ́yìn .38 tó pọ̀, yóò há, tàbí kó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tó bá dún. Bọ́ọ̀ṣì idẹ àti òróró ìfọ̀bọn nínú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lẹ́yìn gbogbo ìdánrawò, ni ìwòsàn rẹ̀. Èkejì ni àlàfo tó wà láàárín àgbá àti ọ̀pá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti èérún òjé ń tú jáde níbẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ọwọ́ òsì ọdẹ tó ti mọ́ra láti di ọ̀pá ìbọn mú yóò fẹ́ sún síwájú. Kó má dé ibẹ̀: .357 lè gé ìka.

Ẹ̀kẹrin: 1911

John Browning ló ṣe pistol .45 yìí, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á ní 29 Ẹrẹ́nà 1911, wọn kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ títí di 1985. Orí ọta .45 rẹ̀ wúwo, gírámù 14.9, kò yára, ìtapadà rẹ̀ sì dà bí ẹni pé wọ́n ń ti ọwọ́ ju pé wọ́n ń gbá a. Ọta méje ló ń gbà nínú ilé rẹ̀ àtijọ́. Kí ló ṣe wá yẹ kéèyàn ní in? Ìfà rẹ̀. Tààrà sẹ́yìn ló ń rìn, kì í yí lórí ìṣó bíi ti àwọn yòókù, ó sì ń fi hàn ẹni bí ìfà rere ṣe rí.

Ìdènà rẹ̀ méjì tí kì í jẹ́ kó ṣèèṣì yìn, ti àtàǹpàkò àti ti ẹ̀yìn èèkù, gba kí ọwọ́ mọ ibi tí wọ́n wà. Tí ẹ̀yìn àtàǹpàkò bá ga jù, ìdérí tàbí òòlù (irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń gbá abẹ́rẹ́) lè bù ú jẹ. Irú tó ní owó pọ́ọ́kú a máa há. Fún èyí, ẹ dúró kí owó pé.

Ẹ̀karùn-ún: èyí tó ní ìtàn

Ẹni tó wà ní ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ Faransé kò nílò láti jìnnà. MAC 50, pistol 9 mm tó gba ọta 9, ni ọmọ ogun Faransé gbé kiri fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Áfíríkà náà sì lò ó lẹ́yìn òmìnira. Hi-Power ti Belgium, 1935, gba 13. Browning bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kú ní 1926, Dieudonné Saive ló parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń lo ọta 9 mm tí ẹ ti ní nílé, ìyẹn ló jẹ́ kí a yàn wọ́n ṣáájú pistol Luger ti Jámánì, tó gbówó lórí tó sì ń béèrè ìtọ́jú bí ọmọ tuntun.

Fún ẹni tó fẹ́ ohun tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, revolver Faransé ti 1892 wà, mílímítà 8, ọta mẹ́fà, àgbá rẹ̀ ń ṣí sí ọ̀tún nígbà tí ti ọ̀pọ̀ revolver ń ṣí sí òsì. Ọdún 1892 yìí kan náà ni Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ọmọ ogun rẹ̀ gbéra láti Àjàṣẹ́ lọ bá Béhánzin, ọba Dahomey, jà. Ọta rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí tí a ń wò ni, kì í ṣe èyí tí a ń yìn.

Níbi ohun àtijọ́, ẹ má kùn ún, ẹ má fi sáńpépà dán an. Ìpata díẹ̀ tó ti dákẹ́ sára irin níyì ju dídán tuntun lọ. Àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà kan kúrò, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á kí ẹ sì kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ àlòkù wò

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré àti aṣọ funfun lọ. Ẹ tú ọta kúrò fúnra yín, kódà bí olùtajà bá ti ṣe é lójú yín.

Ẹ tan iná sínú ọ̀pá láti ẹ̀yìn. Ìlà yíyí inú rẹ̀ yẹ kó mú, kó sì hàn kedere títí dé ẹnu. Bí ẹ bá rí òjìji tó dà bí òrùka níbì kan, ọ̀pá yẹn ti wú: ọta kan ti há síbẹ̀ rí, wọ́n sì yin òmíràn lù ú. Kò ní ìwòsàn àfi ọ̀pá tuntun.

Fún revolver, ẹ fa òòlù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró. Àgbá gbọ́dọ̀ ti dákẹ́ sí àyè rẹ̀ kí òòlù tó dé òpin, ní ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀kan lè yàtọ̀. Bó bá pẹ́ dé, ihò àti ọ̀pá kò ní ṣe déédéé, yóò sì máa gé òjé sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ti àgbá síwájú sẹ́yìn: kó má fi bẹ́ẹ̀ rìn. Àlàfo rẹ̀ sí ọ̀pá máa ń wà láàárín mílímítà 0.1 sí 0.2, bó bá ti kọjá 0.25, ẹ dín owó rẹ̀ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wá wo ìdí ọ̀pá, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọta ti ń wọlé. Nínú Smith & Wesson 19, ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọta .357 tó fúyẹ́ tó sì yára sì ti la ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Fún pistol, ẹ wo ètè ilé ọta bóyá ó ti tẹ̀, ẹ wo èékánná tó ń fa ìkarahun jáde bóyá ó ti ṣẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ funfun nu abẹ́ ìdérí. Pípọ́n tó bá jáde, ìpata ni, ó sì ṣeé ṣe kó wà níbi tí ẹ kò lè rí.

Títú ọta kúrò: bí a ṣe ń tò ó ṣe pàtàkì

Ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí ọta kò ti lè pa ẹnikẹ́ni, ìka wà lóde ìfà. Ẹ kọ́kọ́ yọ ilé ọta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fa ìdérí sẹ́yìn, kí ọta tó wà lẹ́yìn ọ̀pá jáde. Ẹ tì í síbẹ̀, ẹ wò ó, ẹ sì ti orí ìka kékeré wọ ibẹ̀.

Ẹni tó bá yí i po, tó fa ìdérí ṣáájú kó tó yọ ilé ọta, yóò rí ọta kan tó jáde, inú rẹ̀ á dùn; kò mọ̀ pé bí ìdérí ṣe ń padà ló ti gbé òmíràn wọlé. Yóò wá yọ ilé ọta, yóò fi ìbọn sórí tábìlì, yóò ní ó ti ṣófo. Ẹ ṣe é ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo, kí ọwọ́ máa ṣe é láìronú.

Níbi ìdánrawò, bí ìró kan bá rẹlẹ̀ ju ti ìṣáájú, bí ẹni fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ẹ dúró. Ó ṣeé ṣe kí ọta há sínú ọ̀pá. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ wo ojú ọ̀pá kí ẹ tó yin òmíràn. Ariwo ìbọn ìléwọ́ kọjá dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 140, ìwọ̀n tó lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lábẹ́ òrùlé, ẹ ki ohun tí a fi ń dí etí sínú etí, kí ẹ tún fi ìbotí lé e. Ẹ wọ awò. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ kí ẹ tó jẹun, torí òjé.

Ìtọ́jú ní ilẹ̀ tó ní ọ̀sà àti ọyẹ́

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá ní Àjàṣẹ́. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀, òjò ń ṣe tirẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà òróró kò gbọdọ̀ pọ̀: ẹ fi í pa á, ẹ tún nù ún títí yóò fi kù bí ìtànṣán lásán. Òróró tó ń kán máa ń kó eruku ọyẹ́ jọ di ẹrẹ̀ dúdú nínú ìdérí. Òróró ìbọn ni ká lò. Àdín àti epo pupa ń dì, wọ́n ń lẹ̀, abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gún ọta kò ní lè rìn mọ́. Kẹrosíìnì ń fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì ń gbẹ lọ láìfi ààbò kankan sílẹ̀. Bí ẹ bá fi fọ̀ ọ́, ẹ kun òróró lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ọta àtijọ́ tí ohun ìtanná rẹ̀ ní iyọ̀, omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ dà gba inú ọ̀pá kọjá, torí òróró kì í yọ iyọ̀, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ tó kun ún.

Ẹ má tọ́jú ìbọn sínú àpò awọ rẹ̀. Awọ ń fa omi, ohun tí wọ́n fi ṣe é sì ń jẹ irin. Láàárín òjò kan, ẹ ó rí àwòrán àpò náà ní ìpata lára ìbọn. Àpótí irin tí wọ́n fi ìṣó mọ́ ògiri tàbí ilẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀, kí ọta wà nínú òmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ fi àpò èérún agbọ̀rinrin sínú rẹ̀, ẹ máa yí i padà tàbí kí ẹ yan án gbẹ, kí ẹ sì fi òṣùwọ̀n ọ̀rinrin kékeré síbẹ̀. Tó bá wà ní bíi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára. Ẹ máa nu ìbọn ní oṣooṣù, kódà bí ẹ kò bá yìn ín, torí òógùn ìka ẹni tó dì í mú tó láti bẹ̀rẹ̀ ìpata.

Ẹ ní ìwé kékeré kan fún àwọn ìbọn náà: nọ́ńbà ara, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye ọta tó ti yìn, ọjọ́ tí ìwé àṣẹ yóò parí. Kí ẹnìkan nínú ẹbí mọ ibi tí ìwé yẹn wà, kí ó sì mọ̀ pé bí oníbọn bá kú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí àpótí náà láti pín ohun inú rẹ̀ bí a ti ń pín aṣọ àti ilẹ̀. Orúkọ olóògbé ló wà lórí àṣẹ náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá, kí ajogún tó bá fẹ́ ìbọn lọ béèrè ìwé tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ olórí ẹbí títí ìdáhùn yóò fi dé.